Ọjà tó mélòó ni ká tà kí ojú owó tó pé, bí iṣẹ́ wa bá pín sí ẹ̀ka mẹ́ta?

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ṣòwò n'Ìbàdàn pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Bí mo ṣe kí i ni mo ti mọ̀ pé inú rẹ̀ ò dùn. Ó ní ẹni tó ń bá òun ṣe ìwé owó ti ní kí òun ti ṣọ́ọ̀bù próvísọ̀n òun pa, pé àdánù ₦400,000 ló ń mú wá lóṣooṣù. Bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yìí gan-an ni èrò ń wọ́ sí jù nínú ọgbà rẹ̀. "Àbúrò mi, ọjà tí à ń tà láti ìdájí títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ṣé wọ́n wá lè sọ pé kò mú nǹkan kan wálé ni?"

Mo ní kó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí iye kan nínú rẹ̀ tó jẹ́ irọ́. Bí wọ́n ṣe ṣe ìṣirò náà ló ṣì wọ́n lọ́nà. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwọn tó ń ṣe ju iṣẹ́ kan lọ nínú ọgbà kan, mo sì ti rí ẹni tó tìtorí rẹ̀ pa ẹ̀ka tó ń bọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe nínú ọgbà tó ń san owó ilé rẹ̀. Ilé búrẹ́dì wà lẹ́yìn. Ṣọ́ọ̀bù próvísọ̀n kọjú sí títì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ni sítọ̀ tí wọ́n ń kó kánópì, àga àti tábìlì sí, èyí tó ń fi háyà fún àwọn tó bá ní òde. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ, àmọ́ mo ti gé àwọn iye rẹ̀ kó lè rọrùn láti fi orí ṣe.

Gbogbo ẹni tó bá ti pàtẹ rí ló mọ ojú owó. O ra páálí mílíìkì kan ní Agbẹ́ni ní ₦30,000, o tà á ní ₦30,000: ojú owó lo tà á, o ò jèrè, o ò pàdánù. Lórí páálí kan, ìyẹn yé ọmọdé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú ni pé owó tí a fi ra mílíìkì nìkan kọ́ ló bá mílíìkì lọ. Ọmọbìnrin tó tà á ń gba owó oṣù. Fíríìjì ń jẹ iná. Onílé ń bọ̀ wá gba tirẹ̀ lópin ọdún. Nígbà tí a bá ní ojú owó odidi iṣẹ́ ti pé, ohun tí à ń sọ ni pé owó tí a tà ti san owó ọjà, ó sì ti san gbogbo àwọn tó kù yìí, kò ku kọ́bọ̀ kan, kò lé kọ́bọ̀ kan. Kọ́bọ̀ tó bá wọlé lẹ́yìn ìyẹn ni èrè ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ká tó ṣe ohunkóhun, a gbọ́dọ̀ ya ìnáwó sí méjì. Èkíní ni owó tó ń tẹ̀lé ọjà. Ní ilé búrẹ́dì, àwọn ni fùláwà, ṣúgà, bọ́tà, yíìsì, gáàsì, ọ̀rá tí wọ́n fi ń dì í, àti ohun tí wọ́n ń já sílẹ̀ fún àwọn obìnrin tó ń gbé búrẹ́dì rù lọ sí ojú títì. Bí wọn ò bá yan búrẹ́dì lónìí, kò sí èyí tí wọ́n á ná nínú wọn. Bí wọ́n bá yan ìlọ́po méjì, ìlọ́po méjì ni wọ́n á ná. Èkejì ni owó dandan: o tà o, o ò tà o, wàá san án. Owó oṣù ẹni tó ń pò ó wà níbẹ̀. Òjò ì báà rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kí ẹnikẹ́ni má jáde wá ra búrẹ́dì, ó fẹ́ gba owó rẹ̀ lópin oṣù, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni.

Bí a bá yọ owó tó ń tẹ̀lé ọjà kúrò nínú owó tí a tà, ohun tó kù ni n óò máa pè ní ìṣẹ́kù. Ẹ jọ̀ọ́, ìṣẹ́kù kì í ṣe èrè o. Inú ìṣẹ́kù la ti ń san owó dandan. Ohun tó bá kù lẹ́yìn ìyẹn ni a tó lè fi ọwọ́ gbá àyà lé lórí pé èrè ni.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti di ìṣẹ́kù mú ni ká ka náírà kan sí ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀, bí kọ́bọ̀ ò tiẹ̀ sí lọ́jà mọ́. Nínú náírà kọ̀ọ̀kan tí búrẹ́dì bá pa, fùláwà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kó kọ́bọ̀ 70 lọ, kọ́bọ̀ 30 ń ṣẹ́kù. Ká wá ní búrẹ́dì nìkan lẹ́nì kan ń ṣe, tí owó dandan rẹ̀ lóṣù jẹ́ ₦900,000. Náírà mélòó ló gbọ́dọ̀ tà kí kọ́bọ̀ 30, kọ́bọ̀ 30 yẹn tó di ₦900,000? Ká fi 0.30 pín ₦900,000, ó jẹ́ ₦3,000,000. Bó bá tà ₦3,000,000, fùláwà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á kó ₦2,100,000, owó dandan á kó ₦900,000 tó kù, ọwọ́ á sì ṣófo. Gbogbo ohun tí n óò sọ láti ibí lọ, orí ìṣirò kékeré yìí ló dúró lé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ ọgbà ẹ̀gbọ́n mi.

Lóṣù tí ọjà bá lọ bó ṣe ń lọ, búrẹ́dì ń pa ₦6,000,000. Kọ́bọ̀ 30 ń ṣẹ́kù nínú náírà, ìṣẹ́kù rẹ̀ jẹ́ ₦1,800,000. Próvísọ̀n ń pa ₦8,000,000, ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ 10 péré ló ń ṣẹ́kù, torí pé ṣọ́ọ̀bù tó wà lódìkejì títì ń ta ohun kan náà, kò sì sí bó ṣe lè fi owó lé e kí oníbàárà má sọdá. Ìṣẹ́kù tirẹ̀ jẹ́ ₦800,000. Kánópì àti àga ń pa ₦2,000,000, kọ́bọ̀ 70 ló sì ń ṣẹ́kù níbẹ̀, nítorí epo mọ́tò, owó àwọn ọmọ tó ń gbé e gun ọkọ̀, àti owó ìfọṣọ ìbora àga nìkan ló ń tẹ̀lé e. Ìyẹn jẹ́ ₦1,400,000.

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀: ó tà ₦16,000,000, ìṣẹ́kù rẹ̀ jẹ́ ₦4,000,000. Ní ti odidi ọgbà, kọ́bọ̀ 25 ló ń ṣẹ́kù nínú náírà kan.

Ọ̀rọ̀ wá kan owó dandan, ibẹ̀ sì ni gbogbo ìjà yìí wà. Nínú agboolé àtijọ́, ìyàwó kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀ àti ìkòkò ọbẹ̀ tirẹ̀. Ohun tó bá wọ ìkòkò rẹ̀, òun ló ń ṣètò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ògiri ọgbà bá wó, tàbí tí kànga bá gbẹ, gbogbo ilé ló ń dá owó. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó dandan rí. Èyí tó jẹ́ ti ẹ̀ka kan ṣoṣo, n óò pè é ní owó yàrá. Èyí tó jẹ́ ti gbogbo ọgbà, n óò pè é ní owó agboolé.

Owó yàrá búrẹ́dì jẹ́ ₦900,000: owó oṣù àwọn tó ń pò ó tí wọ́n sì ń yan án, ọkọ̀ tó ń pín in kiri pẹ̀lú awakọ̀ rẹ̀, àtúnṣe ààrò, àti owó ìwé NAFDAC tí a pín sí oṣooṣù. Owó yàrá próvísọ̀n jẹ́ ₦500,000: àwọn ọmọbìnrin tó ń dúró ní ṣọ́ọ̀bù àti iná tí àwọn fíríìjì ń jẹ. Owó yàrá kánópì jẹ́ ₦700,000: ẹni tó ń ṣọ́ sítọ̀, awakọ̀ wọn, àti owó tí wọ́n ń yà sọ́tọ̀ fún àga tó bá kán àti kánópì tí atẹ́gùn bá fà ya. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ₦2,100,000.

Owó agboolé jẹ́ ₦1,400,000. Owó ilé gbogbo ọgbà tí a pín sí oṣù, ₦400,000. Owó oṣù tí ẹ̀gbọ́n mi ń san fún ara rẹ̀, ₦300,000 (ẹni tí kò bá ka tara rẹ̀ mọ́ ọn, ara rẹ̀ ló ń tàn jẹ). Jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé iná fún gbogbo ọgbà, ₦250,000. Èlé owó báńkì, ₦200,000. Akọ̀wé, ₦150,000. Ọlọ́dẹ, ₦100,000.

Báwo la ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ owó yàrá àti èyí tó jẹ́ owó agboolé? Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi oníṣòwò: bí ẹ̀ka yìí bá kógbá sílé lọ́la, ṣé owó yìí á dáwọ́ dúró? Bó bá máa dáwọ́ dúró, owó yàrá ni. Bó bá ṣì máa wà, owó agboolé ni. Ẹ wo jẹnẹrétọ̀. Lóòótọ́, ṣọ́ọ̀bù próvísọ̀n ń lo iná rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀bù pa lónìí, jẹnẹrétọ̀ ò ní sinmi, torí ilé búrẹ́dì ń ṣiṣẹ́ lóru. Ẹ wo owó ilé náà. Onílé ò pín in sí yàrá-yàrá, odidi ọgbà ló fi háyà. Bó bá jẹ́ pé ọ̀tọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, tí ẹ̀gbọ́n mi ń san owó tirẹ̀ lọ́tọ̀, ì bá di owó yàrá lójú ẹsẹ̀. Orúkọ ìnáwó kọ́ ló ń pinnu rẹ̀. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹ̀ka náà bá lọ ló ń pinnu rẹ̀.

Ẹ tún kíyè sí i pé agboolé kékeré lè wà nínú agboolé ńlá. Bí ilé búrẹ́dì bá ń yan búrẹ́dì, tó tún ń ṣe ṣinṣíìnì, tí a sì fẹ́ mọ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, owó ààrò tí mo pè ní owó yàrá lókè yìí á di owó agboolé láàárín àwọn méjèèjì. Ó sinmi lé ibi tí o bá dúró sí tí o ń wò ó.

Ní báyìí, ìbéèrè àkọ́kọ́: ọjà tó mélòó ni odidi ọgbà gbọ́dọ̀ tà kí ojú owó tó pé? Gbogbo owó dandan jẹ́ ₦2,100,000 àti ₦1,400,000, ìyẹn ₦3,500,000. Ìṣẹ́kù odidi ọgbà jẹ́ kọ́bọ̀ 25. Ẹ fi 0.25 pín ₦3,500,000: ₦14,000,000. Ẹ̀gbọ́n mi ń tà ₦16,000,000, ó fi ₦2,000,000 kọjá ibẹ̀. Kọ́bọ̀ 25 lórí ₦2,000,000 yẹn, ₦500,000, ni èrè rẹ̀ lóṣù.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣubú níbi kọ́bọ̀ 25 yìí. Wọ́n á mú 30, 10 àti 70, wọ́n á rò ó pọ̀, wọ́n á fi mẹ́ta pín in, wọ́n á rí kọ́bọ̀ 36 àti díẹ̀. Bí ẹ bá fi ìyẹn ṣe ìṣirò, á sọ fún yín pé ₦9,500,000 àti díẹ̀ ti tó. Irọ́ ni. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá tà iye yẹn, tí ọjà rẹ̀ sì pín bó ṣe máa ń pín, á wọ gbèsè tó lé ní ₦1,100,000. Ìdí ni pé kánópì tó ní kọ́bọ̀ 70 yẹn, ₦2,000,000 péré ló ń pa nínú ₦16,000,000. Próvísọ̀n tó ní kọ́bọ̀ 10 ló kó ìdajì ọjà. A ò lè fi wọ́n ṣe ẹgbẹ́ra. Gbogbo ìṣẹ́kù la máa rò pọ̀, ká wá fi gbogbo owó tí a tà pín in.

Ìbéèrè kejì: ọjà tó mélòó ni ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tà kó tó lè ro ara rẹ̀? Níbí, owó yàrá rẹ̀ nìkan la máa lò, àti kọ́bọ̀ tirẹ̀. Búrẹ́dì: ₦900,000 tí a fi 0.30 pín, ₦3,000,000. Próvísọ̀n: ₦500,000 tí a fi 0.10 pín, ₦5,000,000. Kánópì: ₦700,000 tí a fi 0.70 pín, ₦1,000,000.

Ẹ rò wọ́n pọ̀. Ó jẹ́ ₦9,000,000, bẹ́ẹ̀ a ní ₦14,000,000 ni odidi ọgbà nílò. Níbí ni ẹ̀gbọ́n mi ti dá mi dúró lórí fóònù, ó ní, "Ṣé o ti ṣì í kà ni?" N ò ṣì í kà. Bí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan bá tà gẹ́lẹ́ ohun tó nílò, á san owó yàrá rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó máa ní kọ́bọ̀ kan tó kù láti fi dá owó agboolé. Onílé á dé, ọlọ́dẹ á na ọwọ́, báńkì á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, kò ní sí owó nílẹ̀. Gbèsè ₦1,400,000 gẹ́lẹ́ ni ọgbà náà máa jẹ. Iye tó ń sọ fún wa bóyá ẹ̀ka kan yẹ kó máa wà, àti iye tó ń sọ fún wa bóyá odidi iṣẹ́ ń jèrè, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹni tó bá fi ọ̀kan dáhùn ìbéèrè èkejì á ṣi ara rẹ̀ lọ́nà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwé ẹ̀gbọ́n mi gan-an nìyẹn. Ẹni tó ṣe é fẹ́ kí iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu pẹ̀lú ti odidi ọgbà, ló bá pín owó agboolé fún wọn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tà tó. Próvísọ̀n tà ìdajì gbogbo ọjà, ó gbé ìdajì owó agboolé lé e lórí: ₦700,000. Búrẹ́dì gba ₦525,000, kánópì gba ₦175,000. Ìṣẹ́kù próvísọ̀n jẹ́ ₦800,000. Yọ owó yàrá ₦500,000, ó ku ₦300,000. Yọ ₦700,000 tí wọ́n gbé lé e, ó di àdánù ₦400,000. Wọ́n tún ṣírò pé kí próvísọ̀n tó rí ojú owó, ó gbọ́dọ̀ máa tà ₦12,000,000 lóṣù. Ta ló máa gbọ́ ìyẹn tí kò ní sọ pé kí wọ́n tì í pa?

Ẹ jẹ́ ká tì í pa lórí ìwé ká wò ó. Ìṣẹ́kù ₦800,000 ti lọ. Owó yàrá ₦500,000 náà ti dúró. ₦300,000 tí ṣọ́ọ̀bù ń dá sí owó agboolé ti lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ₦1,400,000 owó agboolé ò yí padà. Onílé ò ní já owó sílẹ̀ nítorí pé ṣọ́ọ̀bù wà ní títì pa. Èrè ẹ̀gbọ́n mi á já láti ₦500,000 sí ₦200,000. Ìwé ní yóò bọ́ lọ́wọ́ àdánù ₦400,000, ojú ayé sì ní yóò pàdánù ₦300,000 sí i. Kò tán síbẹ̀ o. Lóṣù tó tẹ̀lé e, wọ́n á pín ₦700,000 tí wọ́n gbé lé próvísọ̀n tẹ́lẹ̀ fún àwọn méjì tó kù. Bí ọ̀kan nínú wọn bá tún wá dà bí ẹni pé kò pé mọ́, wọ́n á ní kí wọ́n ti ìyẹn náà pa.

Ohun mìíràn tí mo fi hàn án nìyí. Bí wọ́n bá pín owó agboolé dọ́gba-dọ́gba fún ẹ̀ka mẹ́ta, ohun tí próvísọ̀n gbọ́dọ̀ tà á di ₦9,666,667 dípò ₦12,000,000. Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni, ọjà kan náà, owó oṣù kan náà. Kò sí kọ́bọ̀ kan tó yí padà lójú ayé, àmọ́ iye yìí fi ₦2,333,333 yàtọ̀ nítorí pé ẹni tó mú bírò yí ọwọ́ padà. Iye tó bá lè yí bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní ohun tí a óò fi lé èèyàn kúrò níbi iṣẹ́. Ọmọbìnrin méjì ló ń jẹun nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Nígbà tí èyí yé e, ló bá sọ ohun tó ti ń dùn ún láti òpin oṣù Kẹta, èyí tí kò bá ẹni tó ń ṣe ìwé sọ. Ó ní lóṣù yẹn òun tà ju bí òun ṣe máa ń tà lọ, síbẹ̀ owó ò tó sanwó oṣù, òun sì fura pé ẹnì kan ń mú owó nínú dúrọ́wà.

Ọdún 2025, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ni ààwẹ̀ Ràmàdáànì bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún oṣù kan náà ni Ọjọ́rú Eléérú, tí àwọn onígbàgbọ́ fi bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ Lẹ́ńtì. Mùsùlùmí ò ṣe ìgbéyàwó, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà ò so ìgbéyàwó pọ̀. N'Ìbàdàn tí òde kì í wọ́n lọ́jọ́ Sátidé, kánópì wá jókòó sí sítọ̀. Dípò ₦2,000,000, ₦800,000 ló pa. Ṣùgbọ́n ṣúgà, mílíìkì àti ìrẹsì ìṣínu mú kí próvísọ̀n gòkè sí ₦10,000,000. Búrẹ́dì dúró sí ₦6,000,000. Àpapọ̀ jẹ́ ₦16,800,000, ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ pẹ̀lú ₦800,000.

Ẹ wo ìṣẹ́kù: búrẹ́dì ₦1,800,000, próvísọ̀n ₦1,000,000, kánópì ₦560,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦3,360,000, ìyẹn kọ́bọ̀ 20 nínú náírà, kì í ṣe kọ́bọ̀ 25 mọ́. Owó dandan ṣì jẹ́ ₦3,500,000. Ó ku ₦140,000 kí ojú owó tó pé. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan dúrọ́wà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọjà tó ń ṣẹ́kù púpọ̀ ti dín, èyí tó ń ṣẹ́kù díẹ̀ ti pọ̀. Lóṣù tó bá rí báyẹn, ₦14,000,000 kò wúlò mọ́. Bí ọjà bá pín bó ṣe pín ní oṣù Kẹta, ẹ fi 0.20 pín ₦3,500,000, ₦17,500,000 ni ojú owó máa tó pé.

Ìyẹn ni pé kò sí iye kan ṣoṣo tó jẹ́ ojú owó fún ẹni tó ní ẹ̀ka púpọ̀. Iye tí a bá pè wà fún ọ̀nà kan tí ọjà gbà pín. Ìgbà tí a bá pè é ní ₦14,000,000, a ti gbà nínú ọkàn wa pé búrẹ́dì máa tà ₦5,250,000 nínú rẹ̀, próvísọ̀n ₦7,000,000, kánópì ₦1,750,000. Bí wọn ò bá pín bẹ́ẹ̀, iye náà ti yí. Òun náà ló jẹ́ kó ṣe pàtàkì láti mọ ibi tí a ó ti wá owó tó kù. ₦140,000 tó ku yẹn, háyà kánópì ₦200,000 péré á dí i. Bó bá jẹ́ búrẹ́dì, ₦467,000 ló máa gbà. Bó bá jẹ́ próvísọ̀n, ọjà ₦1,400,000 ni. Ẹni tó bá ń pariwo kí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù túbọ̀ tà, nígbà tó jẹ́ pé àpèjẹ ìsọmọlórúkọ méjì péré á ti dí ihò náà, ó ń dá àwọn ọmọ náà lágara lásán.

Ohun méjì ló kù tí n óò fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún. Ọ̀kan kéré: búrẹ́dì tí ilé búrẹ́dì bá kó fún ṣọ́ọ̀bù tiwa láti tà, ẹ má kà á ní ọjà lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá wà nínú ₦6,000,000 ti búrẹ́dì, tó tún wà nínú ₦8,000,000 ti próvísọ̀n, àpapọ̀ á wú kọjá bó ṣe yẹ.

Èkejì ṣe pàtàkì. Kọ́bọ̀ 30 tí mo ń pè láti ẹ̀ẹ̀kan kì í dúró sójú kan. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí náírà sì já wálẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún náà, gbogbo ẹni tó ń yan búrẹ́dì ló mọ̀ pé iye àpò fùláwà lè yí kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà wa ti ń wá. Ká ní fùláwà gbé owó lé díẹ̀, tí ìṣẹ́kù búrẹ́dì wá já láti kọ́bọ̀ 30 sí kọ́bọ̀ 25, tí ẹ̀gbọ́n mi ò sì fẹ́ fi owó lé búrẹ́dì rẹ̀. Kọ́bọ̀ márùn-ún péré ni. Ilé búrẹ́dì nìkan á nílò ₦3,600,000 kó tó ro ara rẹ̀, dípò ₦3,000,000. Odidi ọgbà á kúrò ní ₦14,000,000, á di ₦15,135,000 àti díẹ̀. Ẹni tó kọ iye ọdún tó kọjá sórí ògiri, tó sì ń fi í fọkàn balẹ̀, lè ti wà nínú gbèsè kó má mọ̀. Mo máa ń ní kí àwọn tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ṣe é lákọ̀tun ní gbogbo ìparí oṣù. Kò gbà ju ìṣẹ́jú ogún lọ bí ìwé bá wà létò.

Ẹ̀gbọ́n mi ò ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ohun tí a jọ ṣe ni pé a sọ àwọn iye náà di èyí tó yé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, torí ₦5,000,000 lóṣù kò ní ìtumọ̀ kankan fún ọmọbìnrin tó dúró nídìí káńtà. Ọjọ́ 26 ni ṣọ́ọ̀bù ń ṣí lóṣù. Kó tó lè ro ara rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ pa nǹkan bí ₦192,500 lójúmọ́. Ilé búrẹ́dì gbọ́dọ̀ pa nǹkan bí ₦115,500. Kánópì kì í ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́, òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló ní lóṣù, nítorí náà ₦250,000 ní òpin ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ẹ̀ka rẹ̀. Iye kẹrin, ₦538,500 lójúmọ́ fún odidi ọgbà, èyí tó kan owó agboolé, inú ìwé tirẹ̀ ló wà, nítorí òun ni onílé máa wá bá.